Káàdì Tó Mọ Ọjọ́ Orí Bàbá Mọ́ládé

Yàrá Káàdì,
Ilé Ìwòsàn Àánú,
Ṣakí.
15 Oṣù Kìn-ín-ní, 2024

Mọ́ládé, Àríkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé òtútù Leeds kò tíì gé etí rẹ jẹ? Ọyẹ́ ti dé bá àwa náà níhìn-ín. Gbogbo ètè Ṣakí ló ti là, òrí la fi ń pa ara láàárọ̀ lálẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ara rẹ̀ le koko. Ó ṣì ń pè mí ní Ọmọ Kékeré lójú àlejò, èmi náà ò sì yé dá a lóhùn.

Kọ̀ǹpútà méjìlá tí ẹgbẹ́ ọmọ Ṣakí lókè òkun fi ránṣẹ́ ti dé. Mo gbọ́ pé ìwọ lo dìde nínú ìpàdé tí o ní kí wọ́n rà á fún ibi iṣẹ́ bàbá rẹ. O ṣeun o, ọmọ mi, Ọlọ́run á san án fún ọ. Ká ní o ti bi mí kí o tó dìde ni, ǹ bá ti ní kí o jókòó.

Ọjọ́ tí wọ́n já wọn sílẹ̀, Dókítà Ládòkun, ọ̀gá àgbà wa, pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní ilé ìwòsàn yìí ò ní fi káàdì páálí ṣiṣẹ́ mọ́. Gbogbo káàdì tó wà ní yàrá mi, láti orí ti ayé àwọn òyìnbó tó dá ibí sílẹ̀ títí dé ti àná, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń lọ. Ó wá béèrè pé ta ló mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà nínú wa. Kálukú wolẹ̀. Èmi náà ì bá wolẹ̀, ọrùn mi ò gbà. Mo ní, "Ọmọ tèmi ló ń kọ́ àwọn òyìnbó ní kọ̀ǹpútà, ní ọsibítù wọn ní Leeds." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Dókítà ní, "Ó parí! Bàbá Mọ́ládé ni alága ìgbìmọ̀ kọ̀ǹpútà."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bàbá rẹ tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tan nǹkan ọ̀hún ni alága.

Wọ́n rán obìnrin kan wá láti Ìbàdàn pé kó wá kọ́ wa, Success lorúkọ rẹ̀. Ó gbé ọ̀kan síwájú alága, ó ní kí n ṣí i. Mo fi èékánná wá ẹnu nǹkan náà yíká títí, ó kù díẹ̀ kí n fi ọ̀bẹ sí i bí agolo sàdíìnì. Àṣé ẹ̀yìn ni mo dojú kọ. Success yí i padà fún mi. Misturat, akọ̀wé tó wà lábẹ́ mi, sá lọ rẹ́rìn-ín níta, mo sì gbọ́ ọ.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ sí rèé. Iná ò sí. Ìwọ náà mọ Ṣakí, iná tó bá dé lónìí, àlejò ni. Bá mi sọ fún ẹgbẹ́ yín kí wọ́n fún wa ní ọdún mẹ́ta péré, kí ọ̀rọ̀ iná fi lójú. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ohun tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n ṣe, èmi ò ní sọ̀rọ̀.

Má fi pè mí lórí fóònù o. Òdì kejì ògiri ni ọ́fíìsì Dókítà wà, etí rẹ̀ sì mú. Kọ ọ́ sínú ìwé bí a ṣe máa ń ṣe nígbà tí o wà ní ilé ìwé.

Èmi ni bàbá rẹ, alága (má rẹ́rìn-ín),
Akínyẹlé.


Leeds, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.
9 Oṣù Kejì, 2024

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú iṣẹ́ alága. Ẹ bá mi kí Màmá mi tí wọ́n ń pe ọkọ wọn ní Ọmọ Kékeré. Láti kékeré ni mo ti máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé irú ìfẹ́ tí mo fẹ́ nìyẹn.

Lẹ́tà yín pa mí lẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi. Ẹ má jẹ́ kójú tì yín o. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ẹ fi ń yangàn. Ọjọ́ kìíní tí wọ́n ní kí n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní ẹ̀rọ tuntun, ogún ènìyàn jókòó níwájú mi. Mo wọ kóòtù, mo kun ètè. Mo tẹ ibi tó yẹ kí n tẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà dúdú. Mo tún un tẹ̀. Mo sọ fún wọn pé ẹ̀rọ náà ń ronú ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi ronú. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Dórótì dìde, ó fi ọwọ́ ti ìdí, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì, ó sì ki wáyà bọ iná. Ó ní, "Ọmọ mi, ó ti ronú tán." Títí di òní, tí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní ṣé mo ti ki wáyà.

Àwọn náà sì ní ọgbọ́n àyínìke tiwọn. Wọ́n á ní àwọn ti gbà, wọ́n á tún kó ìwé pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Kò sí ọ̀nà tí àgbàlagbà fi ń sá fún kọ̀ǹpútà tí n kò tíì rí. Nítorí náà, mo fi ọ̀wọ̀ béèrè o, Bàbá: ta ló ń fi ọdún mẹ́ta dúró de iná?

Ẹ má da ara yín láàmú. Mo ti ka lẹ́tà yín fún ẹgbẹ́ (mo fo ibi sàdíìnì), wọ́n sì ti fọwọ́ sí i pé àwọn á gbé sólà wá. Kí oṣù yìí tó parí, àwọn tí yóò gbé e sórí òrùlé á dé. Iná ò ní lọ mọ́ láé.

Ọmọ yín ni mí,
Mọ́ládé.


Ṣakí.
4 Oṣù Kẹta, 2024

Mọ́ládé ọmọ mi,

Ẹ kú àbójútó wa. Sólà ti dé. Ó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí gbogbo eruku tó ti wà ní yàrá káàdì láti ọdún tí mo ti wọṣẹ́. Mo dúpẹ́. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn ti yọjú o, eléyìí sì kọjá iná. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni.

Misturat jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti fi káàdì tuntun dán an wò. Ìyàwó ilé kan gbé ìyá ọkọ rẹ̀ wá. Misturat ní, "Kí lorúkọ ìyá?" Obìnrin náà bo ẹnu. Ó ní, "Háà! Èmi kẹ̀? Kí n pe ìyá ọkọ mi lórúkọ?" Misturat ní kọ̀ǹpútà ló ń béèrè. Obìnrin náà ní kí kọ̀ǹpútà náà máa bínú, kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló gbé òun níyàwó. Ó ní kí wọ́n kọ Ìyá Ràmọ́nì, Ilé Ààrẹ. Wọ́n wá bi ìyá fúnra rẹ̀, ìyá ò gbọ́ràn dáadáa, ó ní, "Èmi náà ni."

Bó ṣe lọ títí di ọjọ́ Ẹtì nìyẹn. Nínú ènìyàn mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún tí wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà, mọ́kànlélógójì ló ń jẹ́ Ìyá. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí tún burú ju ìyẹn lọ. Ẹnì kan ní ọdún tí eṣú jẹ oko ni wọ́n bí òun, ẹlòmíràn ní ìgbà tí wọ́n ń la ọ̀nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni. Kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ lòun fẹ́. Misturat fi ọjọ́ kìíní oṣù kìíní fún gbogbo wọn. Ẹni tó bá wo kọ̀ǹpútà wa á rò pé ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún ni wọ́n ń bímọ ní Òkè-Ògùn.

Ní yàrá tèmi ńkọ́? Agbo ilé ni mo fi to káàdì. Dárúkọ ilé, dárúkọ ọmọ, kí o tó wúkọ́ tán, káàdì ti dé ọwọ́ rẹ. Láti ọdún 1989 tí wọ́n ti gbà mí, káàdì kan ṣoṣo ò sọnù lọ́wọ́ mi. Nítorí náà, bá mi sọ fún ẹgbẹ́ yín pé àṣà wa ò gba kọ̀ǹpútà. Ojú mi pàápàá ò ríran tó. Lẹ́tà tó wà lójú ẹ̀rọ náà kéré ju ẹyin iná orí lọ.

Àbúrò mi Caleb ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ kánsù ní Ìsẹ́yìn. Ó pé ọgọ́ta ọdún lọ́sẹ̀ tó kọjá, a sì ṣọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Èmi ni mo gbàdúrà ẹ̀gbọ́n. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo tètè padà síbi iṣẹ́ mi.

Bàbá rẹ,
Akínyẹlé.


Leeds.
28 Oṣù Kẹta, 2024

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Ẹ kú ìkórè kajú, mo mọ̀ pé àsìkò rẹ̀ rèé.

Inú mi dùn sí lẹ́tà yín ju gbogbo àwọn tó ṣáájú lọ. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ Ìyá Ràmọ́nì fún ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní láti ọdún tí àwọn ti ń tà á, kò sẹ́ni tó sọ irú ẹ̀ fún àwọn rí. Wọ́n ti ṣí àyè tuntun mẹ́ta sí i: ọ̀kan fún agbo ilé, ọ̀kan fún orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé, ìkẹta fún ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, kí ó kàn mú ọdún. Wọ́n ní èrò yín ni, àwọn á sì máa fi ta á fún àwọn ìlú mìíràn. Bàbá mi, ẹ ti di ẹni tó tún kọ̀ǹpútà ṣe! Mo sọ fún Dórótì, ó ní kí n kí yín.

Awò ojú wà nínú àpò tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Oríṣi mẹ́ta ni mo rà, kí ẹ wọ èyí tó bá bá ojú yín mu.

Ó tán. Iná ti wà, orúkọ ti wà, ojú ti wà. Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń dùn mí. Dókítà Ládòkun kọ̀wé sí mi. Ó ní kò sẹ́ni tó tíì gbé káàdì àtijọ́ kan jáde ní yàrá yín láti oṣù kìíní. Ó ní alága ló mú kọ́kọ́rọ́ sápò, tí wọ́n bá sì béèrè, alága á ní àwọn ń ṣèpàdé. Ó ní ojú ń ti òun láti bá yín wí, nítorí ọmọ yín ló mú ẹ̀rọ wá. Bàbá, ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ẹgbẹ́ ń bi mí léèrè. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi pé kí n má gba iṣẹ́ tí n kò ní ṣe.

Nǹkan kan tún wà tí kò yé mi. Bàbá Caleb pé ọgọ́ta ọdún, wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ fún wa pé ẹ gbé wọn pọ̀n lọ sóko, ọmọ ọdún mélòó ni ẹ̀yin?

Mọ́ládé.


Ṣakí.
6 Oṣù Kárùn-ún, 2024

Mọ́ládé,

Má bínú pé mo pẹ́. Mo gba lẹ́tà rẹ, mo gba awò ojú. Mo wọ ọ̀kan. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fi rí kedere ni ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà rẹ.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mí níbi iṣẹ́. Nílé, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta.

Ní ọdún 1989, n kò níṣẹ́, ìwọ ti wà láyé, ìyá rẹ ti lóyún àbúrò rẹ. Ilé ìwòsàn ń wá akọ̀wé, wọ́n ní ẹni tí kò tíì ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ ni àwọn fẹ́. Èmi ti pé méjìdínlọ́gbọ̀n. Mo lọ sí kóòtù, mo búra pé ọdún 1967 ni wọ́n bí mi. Mo gé ọdún mẹ́fà dànù bí ẹní gé ẹ̀ka igi. Ìyá rẹ ló bá mi lọ. Láti ọjọ́ náà ni ó ti fi ọdún méjì jù mí lọ nínú ìwé, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń pè mí ní Ọmọ Kékeré. Ẹ rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Ẹ̀sín ni, Mọ́ládé. Ọdún márùndínlógójì ló ti fi ń fi mí ṣẹ̀sín. Nínú ìwé yẹn kan náà, Caleb ni ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún sì ni mí nígbà tí mo bí ọ. Mo kàn ń rìn lọ ni, mò ń retí 2027 kí n fẹ̀yìn tì bí ọmọlúàbí.

Ibi tí kọ̀ǹpútà ti wọ ọ̀rọ̀ rèé. Yàtọ̀ sí káàdì òṣìṣẹ́ mi tí wọ́n kọ 1967 sí, káàdì kejì mi wà nínú yàrá náà. Ìyá mi, tí o jogún oríkì rẹ̀, Àríkẹ́, tí o kò sì bá láyé, ló gbé mi wá síbí láti Ofiki lọ́dún 1963, nígbà tí gìrì fẹ́ gbé mi lọ. Àwọn òyìnbó kọ ọ́ sórí káàdì: ọmọkùnrin, Akínyẹlé, ọdún 1961. Èmi fúnra mi ni mo ń nu eruku orí rẹ̀ láti ọdún yìí wá. Success sì ti sọ fún wa pé tí ènìyàn kan bá ní káàdì méjì, kọ̀ǹpútà á wá wọn rí, á so wọ́n pọ̀, tí ọdún wọn ò bá sì dọ́gba, á kọ ọ́ ní pupa, á gbé e lọ síwájú Dókítà. Bó ṣe sọ ọ́, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Alága náà pàtẹ́wọ́.

Ó yẹ kí n ti lọ sílé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí mo pé ọgọ́ta. Tí ó bá hàn, wọn ò ní ní mo fẹ̀yìn tì, wọ́n á ní wọ́n lé mi ni. Díákónì ni mí, Mọ́ládé. Èmi ni mò ń ka òfin mẹ́wàá sétí ìjọ.

Mo bẹ̀ ọ́ pé iná ò sí, o gbé oòrùn wá. Mo ní orúkọ ò gbà, o tún ẹ̀rọ ṣe. Mo ní ojú ò ríran, o fi awò mẹ́ta ránṣẹ́. Kò sí bàbá tí ọmọ rẹ̀ tọ́jú tó báyìí rí, ìtọ́jú náà sì fẹ́ pa mí.

Tí mo bá mú káàdì náà kúrò, nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú ìwé ńlá, wọ́n á rí i pé ọ̀kan dín. Èmi tí káàdì ò sọnù lọ́wọ́ mi rí! Síbẹ̀, mo ti ra ìṣáná. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ti wà lápò mi. Ìyá rẹ rí i nígbà tó ń fọ ṣòkòtò, ó ní, "Ọmọ Kékeré, sìgá ti dé?"

Kí ni kí n ṣe?

Akínyẹlé.


Leeds.
20 Oṣù Kárùn-ún, 2024

Bàbá mi,

Mo kí yín.

Mo ka lẹ́tà yín nínú bọ́ọ̀sì, mo rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wò mí. Mo délé, mo tún un kà, mo sunkún. Inú ń bí mi, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdírì, mo gba méjìdínlógójì nínú ìṣirò. Mo fi bírò yí 3 padà sí 8, ó di méjìdínláàádọ́rùn-ún. Ẹ rí i. Ẹ já àtòrì, ẹ nà mí ní mẹ́fà, ẹ sì ń ka wọ́n bí ẹ ṣe ń nà mí. Ẹ ní ẹni tó bá fi bírò yí òǹkà padà, ayé ara rẹ̀ ló ń yí. Láti ọjọ́ náà, n kò yí nǹkan kan padà mọ́. Nígbà tí mò ń gba ìwé àṣẹ ìrìnnà, ẹni tó ń bá mi ṣe ìwé náà ní kí n gé ọdún mẹ́rin kúrò nínú ọjọ́ orí mi. Mo kọ̀. Mo sọ fún un pé bàbá mi ò ní gbà.

Ọdún mẹ́fà lẹ gé. Ẹgba mẹ́fà lẹ nà mí. Ẹ jẹ mí ní gbèsè ẹgba mẹ́fà.

N kò mọ ohun tí ẹ máa ṣe. Ẹ má bi mí.

Mọ́ládé.


Leeds.
3 Oṣù Kẹfà, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kò tíì dá mi lóhùn, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi le. Ẹ dárí jì mí. N kò sùn dáadáa láti ìgbà tí mo ti fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́. Màmá ní ẹ kì í jẹun tán mọ́.

Mo ti ronú rẹ̀. Ẹ má jó káàdì náà, ẹ má sì gbé e pamọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àwọn yòókù. Àyè kan wà nísàlẹ̀ tó ń béèrè bóyá aláìsàn náà yè tàbí ó kú. Ẹ kàn mú pé ó kú. Ọmọ ọdún méjì tí gìrì mú lọ́dún 1963, kò sẹ́ni tó máa béèrè. Ẹ̀rọ náà kì í fi òkú wé alààyè, kò ní so ó pọ̀ mọ́ yín láé. Káàdì ò ní dín, pupa ò ní yọ. Ìṣẹ́jú kan ni.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, mo sì mọ ẹni tó ń sọ ọ́. Bàbá, ẹ kàn tẹ̀ ẹ́, kí ẹ lè jẹun.

Ọmọ yín,
Mọ́ládé.


Ṣakí.
24 Oṣù Kẹfà, 2024

Àríkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Òjò ti ń rọ̀ dáadáa, àgbàdo ti gbó, ìyá rẹ sì ń jẹ tìrẹ mọ́ tiẹ̀. Èmi náà ti ń jẹun tán.

Lẹ́tà rẹ méjèèjì tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan náà. Nínú ti àkọ́kọ́, ìwọ ni bàbá mi. Nínú ìkejì, o sọ̀kalẹ̀ wá sí ẹgbẹ́ mi nítorí pé o nífẹ̀ẹ́ mi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ọmọ tí mo nà kó má baà yí òǹkà padà, èmi náà ni mo sọ ọ́ di ẹni tó ń wá ibi tí yóò ti yí i.

Mo ṣí yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé awò ojú rẹ wọ̀, mo mú káàdì náà. Mo ní kí n ṣe bí o ti wí. Láti ọdún yìí wá tí mo ti ń nu ún, ọdún tó wà lórí rẹ̀ nìkan ni ojú mi máa ń lọ síbẹ̀, bí ẹni tó jí nǹkan ti máa ń wo ọlọ́pàá. N kò yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò rí. Mo yí i. Nọ́ọ̀sì òyìnbó náà kọ ọ́ síbẹ̀ ní Yorùbá, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ: "Ìyá gbé e pọ̀n rìn wá láti Ofiki. Ó sùn sórí ilẹ̀ níbí fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ara ọmọ ti yá. Ìyá ti gbé e lọ sílé." Lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ìyá mi tẹ àtàǹpàkò rẹ̀, nítorí kò mọ̀wé.

Mọ́ládé, ìyá mi ò ya fọ́tò rí. Ibi tí wọ́n sin ín sí, àgbàdo ti hù lé e lórí. N kò mọ̀ pé nǹkan kan tó jẹ́ ti ara rẹ̀ ṣì kù láyé. Ó wà ní yàrá mi, mo ra ìṣáná sí i. Obìnrin tó rìn láti Ofiki kí n má baà kú, èmi ni kí n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kí n tẹ̀ ẹ́ pé mo kú? Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún ọ. Misturat kan ilẹ̀kùn, mo ní eruku ni.

Mo gbé káàdì náà jáde, mo gbé e lọ síwájú Dókítà lójú gbogbo ìgbìmọ̀. Mo rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Dókítà yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Mọ́ládé, ṣé nítorí èyí lẹ ṣe ní kọ̀ǹpútà ò bá àṣà wa mu?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó ní, "Àti ọ̀rọ̀ iná?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó ní, "Àti ojú?" Mo ní ti ojú, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Success rẹ́rìn-ín kí ó tó rántí pé kò yẹ.

Wọ́n fún mi ní ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ, mo wí tẹnu mi. Ìparí oṣù yìí ni mò ń lọ. Kò sí àpèjẹ, kò sí àga ìfẹ̀yìntì. Wọ́n ṣì ń jíròrò owó oṣù ọdún mẹ́ta tí kò yẹ kí n gbà, ohun tí wọ́n bá sọ ni n ó fara mọ́. Pásítọ̀ ní kí n kúrò ní àga àwọn díákónì fún oṣù mẹ́fà. Ẹ̀yìn ni mò ń jókòó sí báyìí. Fáànù wà níbẹ̀ o! Àṣé ìyà ni mo ti ń jẹ níwájú.

Mo bẹ Dókítà pé kí n fi ọwọ́ ara mi kọ káàdì àtijọ́ àkọ́kọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ó gbà. Ìka méjì ni mo fi tẹ̀ ẹ́, ó gbà mí ní ogójì ìṣẹ́jú, ìgbìmọ̀ dúró tì mí lẹ́yìn bí ẹni ń wo ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ní àyè orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé, mo kọ Bàbá Mọ́ládé. Ó béèrè bóyá aláìsàn náà yè tàbí ó kú. Mo tẹ̀ ẹ́ pé ó yè. Pupa náà yọ lóòótọ́. Ẹ̀rọ yín kì í purọ́.

Misturat ló mú kọ́kọ́rọ́ báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ kan, ó ti kó irinwó káàdì wọ inú ẹ̀rọ. Lánàá, wọ́n gbé Ìyá Ràmọ́nì ti Ilé Ààrẹ wá, ìyàwó ọmọ rẹ̀ dárúkọ bí ó ti yẹ, kọ̀ǹpútà sì mú un jáde kí n tó na ọwọ́ sí pẹpẹ. Mo ṣe bí ẹni pé ẹ̀yìn ni mò ń họ.

Ìyá rẹ ti yí orúkọ mi padà o. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Baba Arúgbó ló ń pè mí. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó dá Ọmọ Kékeré mi padà, ó kọ̀.

Ti ẹgba mẹ́fà, gbèsè ni, mo gbà. Nígbà tí o bá wálé, àtòrì wà lẹ́yìn ilé.

Success ya àwòrán ẹ̀yìn káàdì náà fún mi bó ṣe tóbi gan-an. Ó wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Àtàǹpàkò ìyá mi rèé, Àríkẹ́. Ó kéré, àpá ọ̀bẹ kan sì là á láàárín. Gbé tìrẹ lé e, kí o wò ó bóyá ó bá a mu. Tèmi tóbi jù, mo ti gbé e lé e títí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Akínyẹlé, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta.